Irin Tó Wà Láyà Bàbá

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà bàbá mi àgbà, ó sì dijú. Orí àga onígi tó máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìlúpéjú ni Bàbá jókòó sí. Ó ti tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, àpá gígùn tó là á láyà láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun dé òkè ikùn sì ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sí àgbàlá gba gbogbo ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níjòkòó dákẹ́, títí kan àwọn obìnrin agbo-ilé wa tí ẹnu wọn kì í sinmi. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ báyẹn ni a máa ń gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan ìdérí agolo.

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo hú pèrègún," ọkùnrin náà wí, "bó bá jẹ́ èmi ni mo sún un wọ ulẹ̀ obìnrin yìí, kí urin yìí gbọ́, kó sì mú mi."

Bàbá ń wo àtàrí ọkùnrin náà bí ẹni ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Èmi dúró lẹ́yìn àga, mo gbé ife omi dání lọ́wọ́ kan, mo di oògùn ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ kejì, nítorí rédíò ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, ìyẹn ni pé àkókò oògùn ti tó. Ohun tó ká mi lára nìyẹn. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ààlà oko kò sì kàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí irin ṣe dé àyà ènìyàn. Inú ọkàn wa ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí, tó sì ń tì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọ̀kan nínú ti Bàbá ti bàjẹ́ kí n tó gbọ́njú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú. Bó bá ń lọ oko, a máa jókòó lójú ọ̀nà bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gun ọ̀pẹ. Nígbà tó yá, kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́ àfi kó fẹ̀yìn ti ògiri. Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn, wọ́n là á láyà níbẹ̀, wọ́n yọ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́, wọ́n sì fi tuntun sí i. Nígbà tó padà dé, àwa ọmọdé ń tò sẹ́yìn ara wa kí a lè gbé etí lé e láyà. Ìyá mi àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, bínú sí ìró náà níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ lòun fẹ́, òun ò fẹ́ aago. Àmọ́ kò pẹ́ tí kò fi lè sùn mọ́ bí kò bá gbọ́ ọ.

Àwọn dókítà fún un ní òfin, Bàbá sì pa á mọ́ bí ẹni ń pa òfin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, bóyá ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ kó má baà dì mọ́ ara ilẹ̀kùn tuntun náà. Kò gbọdọ̀ fò ó lọ́jọ́ kan, àkókò kan náà ló sì gbọ́dọ̀ máa lò ó. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ẹ̀fọ́ kò di èèwọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pọ̀ lónìí kó sì wọ́n lọ́la, nítorí ẹ̀fọ́ àti oògùn yẹn ń fa ara wọn. Yèyé wá mú abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù kan tí etí rẹ̀ ti bó, ó ní abọ́ ẹ̀fọ́ Bàbá nìyẹn, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fi bu nǹkan mìíràn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí tẹ̀tẹ̀ kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé, abọ́ yẹn náà ni. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí a ń wá ẹ̀fọ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, abọ́ yẹn náà ni. Bàbá a jẹ iyán rẹ̀, a jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ tán, a sì ti abọ́ náà sẹ́yìn láìbéèrè àlékún.

Òfin yòókù kò ṣòro. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Kó má gun ọ̀kadà, nítorí bó bá ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tètè dá. Kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Takisí ló máa ń wọ̀, iwájú ló sì máa ń jókòó sí bí olóyè. Kó má mu àgbo kankan. Kó máa rìn. Ní òwúrọ̀, bí ìrì bá ṣì wà lórí koríko, èmi àti òun a rìn láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, a ó sì padà. A máa kí gbogbo ilé tí a bá kọjá, kí a lè sinmi láìjẹ́ kó dà bíi pé a ń sinmi. Ìrìn yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló dùn ún: kò gbọdọ̀ lo àdá mọ́. Ọgbẹ́ kékeré lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Àdá rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, èèkù rẹ̀ ti dúdú nítorí òógùn ọwọ́. Bàbá mi ló ń bójú tó oko kòkó, nígbà tí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni bá ti parí. Ní àárọ̀, àwọn ẹgbẹ́ Bàbá a máa kọjá lọ sóko pẹ̀lú àdá lábíyá, wọ́n a sì kí i pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Kò sí ibi nínú ìkíni yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá jókòó náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí wọ́n bá ti kí i tán, á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á yí i padà, á tún wò ó. Ọjọ́ kan ló sọ fún Yèyé pé, "Wọ́n tún ulẹ̀kùn ọkàn mi ṣe, wọ́n wá ti ulẹ̀kùn oko mọ́ mi." Yèyé ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń bó o lọ.

Bí ìbúra ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Agbo-ilé wa pín sí méjì: àwọn kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń bọ Ògún, àwọn kan sì ń ṣe méjèèjì tí wọn ò ní jẹ́ kí àlùfáà mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, onígbàgbọ́ tàbí abọ̀gún, tó jẹ́ fẹnu kan irin bó bá mọ̀ pé irọ́ lòun fẹ́ pa. Ọjọ́ kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ń jà sí ewúrẹ́. Olórí agbo-ilé, baba arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ Ògún, ní kí wọ́n lọ mú àdá wá kí wọ́n fi búra. Àbúrò ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun, òun ò lè fẹnu kan àdá. Baba arúgbó náà wò yí ká, ojú rẹ̀ sì bá Bàbá lórí àga.

"Kí la wá ń wá urin lọ sí?" ó wí. "Ṣé urin kọ́ ló wà láyà eléyìí? Urin tó ń wẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kí ni Ògún tún ń mu?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dákẹ́ láti gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, ni ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún, ó ní òun lòun so ewúrẹ́ náà mọ́ ẹ̀yìn ilé òun. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá. Àwọn abọ̀gún wá nítorí irin. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wá nítorí pé àyà ọmọ ìjọ ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé, ta ló máa pè é ní òrìṣà? Ẹlòmíràn wá láti Ìsàn. Bàbá fún wọn ní òfin tirẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá pariwo, kó padà sílé, nítorí dókítà ní òun ò gbọdọ̀ máa kanra. Àwọn tó ti ń fa ara wọn láṣọ bọ̀ láti ọjà a wá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ara wọn jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó sì máa ń pa èmi lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ dé ìdí ìgbọ́wọ́lé kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Àwọn ẹgbẹ́ Bàbá tó ń ti oko bọ̀ sì yí ìkíni padà. "Ẹ kú uṣẹ́ o," ni wọ́n ń kí i. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà ni ọkùnrin tó ṣí fìlà yẹn, ẹni tó ní oko kòkó létí odò, ṣe wá síwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti opó tí oko wọn jọ pààlà. Pèrègún tí àwọn bàbá wọn gbìn sí ààlà ti ṣí nípò, ó ti wọ inú oko opó náà lọ. Ọkùnrin náà ní ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé Bàbá láyà, ó búra, kò sì ṣubú. Bóyá yóò ṣubú ni gbogbo wa ń wò. Opó náà ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó kí Bàbá pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Bàbá gba oògùn lọ́wọ́ mi. "Ó ti búra," ló wí. Kò gbádùn oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọbẹ̀ wá. Ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ni, nínú ìkòkò kékeré tí ìdérí rẹ̀ ń ta kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bó ti ń bọ̀. Ó ní ọpẹ́ lòun wá dá. Yèyé tọ́ ọ wò, ó ní ó korò díẹ̀. Ọkùnrin náà ní bí ìyàwó òun ṣe ń sè é nìyẹn. Àgbo inú ìgò la mọ̀ nílé wa, òun la sì ń lé padà. Kò sẹ́ni tó ronú pé àgbo lè gba inú ọbẹ̀ wọlé. Bàbá ń jẹ ẹ́ nítorí kò fẹ́ dójú ti àlejò. Ọkùnrin náà a jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, a sì na ọrùn bí ẹni ń gbọ́ nǹkan. Mo rò pé ó fẹ́ràn Bàbá ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, itọ́ tó tu sílẹ̀ pupa. Ó wò ó, ó tún tu òmíràn. Lẹ́yìn náà ni imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Yèyé fi aṣọ dí i, aṣọ náà rin gbingbin, ó mú òmíràn. Bàbá kò pariwo. Ó ní kí wọ́n pe takisí, ó sì ní kí n gbé àpò oògùn òun dání nítorí dókítà máa fẹ́ rí i. Bí a ṣe ń lọ sí Ìdó, mo jókòó tì í lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí itan mi. Mo gbé etí mi sún mọ́ àyà rẹ̀, mo sì ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè sunkún. N kò tíì nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ìró yẹn lọ́jọ́ náà.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, kò sì dàgbà púpọ̀. Ó ní oògùn náà ti lágbára jù nínú ara Bàbá, nǹkan kan ló ń tì í lẹ́yìn. Kí ló jẹ? Yèyé ní ohun tó ń jẹ látilẹ̀ ni, ó tilẹ̀ fọwọ́ ṣàpèjúwe abọ́ búlúù. Ṣé ó mu àgbo? Yèyé ní ká má rí i. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń dá díẹ̀ ó tún ń yọ.

Ní Ìlúpéjú, ọ̀rọ̀ ti gba gbogbo ilé kan: irin Bàbá ń sunkún ẹ̀jẹ̀, ẹnìkan ti búra èké sí i. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin olóko etí odò wọlé sí wọ́ọ̀dù, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fò ó kọjá.

"Èmi ni o, Bàbá. Èmi ni mo sún pèrègún. Ìbúra èké ni mo ṣe. Mo rò pé bí urin yẹn bá dákẹ́, gbogbo ayé á mọ̀ pé ọwọ́ mi ni wọ́n rí níbẹ̀ kẹ́yìn. Òun ni mo ṣe wá egbò igi tó ń fún ọkàn lágbára, tí mo fi ń se ọbẹ̀ fún un yín."

"Egbò wo?" dókítà béèrè.

Ó sọ ọ́. Dókítà mí kanlẹ̀, ó sì yí ohun tó ń fún Bàbá padà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá. Bàbá nawọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan orí ọkùnrin náà. "Dìde," ó wí, "o ń dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́nà."

Wọ́n dá ilẹ̀ opó padà fún un, wọ́n sì gbin pèrègún síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Olórí agbo-ilé pa ajá fún Ògún. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdúpẹ́. Ìhà méjèèjì ló gbà pé iṣẹ́ ẹni tí àwọn ń sìn ni. Gbogbo ìlú ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, bẹ́ẹ̀ irọ́ yìí kò tiẹ̀ lò tó oṣù kan. Òkìkí irin Bàbá wá kàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tí a tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn òwúrọ̀, mo bi í léèrè bóyá irin náà máa ń dùn ún. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Àwa nìkan la wà lójú ọ̀nà.

"Kì í ṣe urin," ó wí.

Mo dúró.

"Dókítà tó là mí láyà fi ọ̀kan irú rẹ̀ hàn mí kó tó là mí. Dúdú ni, ó ń dán. Mo ní kí ni wọ́n fi ṣe é, ó ní irú èédú kan ni, tí wọ́n sun títí ó fi le ju òkúta lọ. Èédú, ọmọ mi. Ará ìdáná ìyá rẹ àgbà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ó fà mí lọ́wọ́, a tún ń rìn. "Ìgbà tí mo ń lo àdá, ta ló dákẹ́ gbọ́ mi rí? Nísìnyí wọ́n ń dákẹ́. Èmi kọ́ ni wọ́n sì ń gbọ́ nínú ìdákẹ́ yẹn. Ara wọn ni wọ́n ń gbọ́. Ṣé kí n wá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn nítorí èédú?" Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò ní gbọ́wọ́ lé mi láyà mọ́. N kò tíì fẹ́ kú."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ìbúra mọ́, kò sì sí ọbẹ̀ àlejò. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ a wá jókòó, a dákẹ́ títí yóò fi gbọ́ ìró náà, lẹ́yìn náà ló tó lè sọ̀rọ̀. Bàbá gbé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ inú abọ́ búlúù, ó ń wọ takisí lọ sí Ìdó. Èmi lọ sí ilé-ìwé gíga, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Adó, kó tó wá kú ikú ogbó, lójú oorun.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ sin ín, pósí rẹ̀ wà ní pálọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olórí agbo-ilé tuntun, àbúrò èyí tó ti kú, dé. Ó ní irin Ògún kì í bá òkú wọlẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́, ojúbọ ni àyè rẹ̀. Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan baba òun. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn ọ̀dọ́ dìde lórí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ èédú ti dé orí ahọ́n mi, nítorí òun nìkan ló lè parí ìjà náà, mo sì mọ ohun tí yóò bàjẹ́ bí mo bá sọ ọ́.

Yèyé ló ṣáájú mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, n kò sì mọ̀ bóyá ó rántí ohun tó gbé wa jọ lọ́jọ́ náà. Láti igun rẹ̀ ló ti sọ ohun tó máa ń sọ látijọ́ bí ẹjọ́ bá fẹ́ di ariwo: "Ẹ dákẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Gbogbo wa dákẹ́. Ó ti mọ́ wa lára. Olórí agbo-ilé dákẹ́, bàbá mi dákẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì bí nígbà ayé ìbúra náà dákẹ́. A tẹ́tí. Páànù òrùlé ń ta pàà nínú oòrùn, adìyẹ kan ń ha ilẹ̀ lágbàlá. Kò sí nǹkan mìíràn. Mo ti sunkún láti Adó títí dé Ìlúpéjú, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Bàbá ti kú.

Olórí agbo-ilé ṣí fìlà rẹ̀. "Ó ti gbé e lọ," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín." Odindi la sì sin ín.

Mo ti ní ọkọ, mo ti bímọ, a sì máa ń jà bí àwọn tọkọtaya mìíràn ṣe ń jà. Nígbà mìíràn, bí ohùn wa bá ti ga, mo kàn máa ń dákẹ́ lójijì, n óò tẹ́tí. Ọkọ mi a bi mí léèrè pé kí ni mò ń gbọ́. Mo máa ń ní kó dákẹ́ ná.